Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìrora tó ń ta láti ìdí dé ẹsẹ̀

Ṣé ìrora máa ń ta yín láti ìdí, tó ń gba itan lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀? Ó lè jẹ́ sciatica.

1. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ló yọ síta, tó ń tẹ iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ẹsẹ̀.

2. Bó bá ń ṣe yín, ẹ má sùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ o! Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ yọ pọ́ọ̀sì kúrò nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Bí ẹ bá fẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún. Ọ̀pọ̀ ń rí ìtura láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

3. Bí ìtọ̀ bá ń dá jáde, tàbí abẹ́ kú tipiri, ilé ìwòsàn ní kíá! Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń di ìdí mú kó tó dìde.