Ẹ Má Fo Àgbádárìgì Dá

Ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. A ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ẹ̀yin olùkọ́ sọ: bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó mú ọmọ lọ, ẹ má fo Àgbádárìgì dá.

Ìlú apẹja ni, létí ọ̀sà. Òkun kò sì jìnnà sí i. Àwọ̀n àti ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn Ẹ̀gùn ibẹ̀ fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀sà yìí kan náà ni a fi kó àìmọye ènìyàn kọjá sí Gberefu, kí wọ́n tó wọkọ̀ òkun lọ sí oko ẹrú. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ìgbà náà ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó.

Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman mú ìhìnrere débẹ̀. Ní 1845, Àjàyí Crowther, ẹni tí a ti tà lẹ́rú kúrò ní Èkó ní 1822, gúnlẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì ṣì dúró.

Ṣùgbọ́n kí ni èrè ìlú, bí àlejò bá ya fọ́tò tán, tí kò ra ẹja kan lọ́wọ́ apẹja? Bí ebi bá lé àwọn ọmọ onílé lọ, ta ni yóò ṣẹ́kù tí yóò pa ìtàn náà? Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò fún nípa ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, tí a ti bẹ̀rẹ̀ títún un ṣe láti 2009.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.