Rọ́kẹ́ẹ̀tì Íńdíà dé òkè, eré rẹ̀ ni kò tó

Ẹni tó bá gbọ́ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì PSLV-C61 ti Íńdíà kùnà lọ́jọ́ 18, oṣù Karùn-ún, 2025, lè rò pé ńṣe ló bú gbàmù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ni wọ́n tò léra nínú rẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀kẹta, tó ń jó epo dídì, ni agbára gáàsì tó há sínú rẹ̀ já wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí V. Narayanan, ọ̀gá ISRO, àjọ òfuurufú Íńdíà, ṣe sọ. Nígbà yẹn, ó ti ga kúrò láyé dáadáa. Kí ló dé tí kò wá dúró sọ́hùn-ún?

Gíga kì í dá nǹkan dúró lókè. Ní kìlómítà 500 sókè, agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan ṣì tó ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ń fa àwa tá a wà l'Ọ́jàa'ba n'Íbàdàn. Ká ní ẹnì kan dúró lórí òkè Mápó, tó sọ òkò sápá Bẹẹrẹ: yóò balẹ̀. Bó bá sọ ọ́ kíkankíkan, ó lè dé Ọ̀yọ́, kódà Ìlọrin. Bí eré òkò náà bá wá pọ̀ débi pé bó ṣe ń já bọ́ ni ilẹ̀, tó rí roboto, ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, á kàn máa já bọ́ yí ayé po ni. (Afẹ́fẹ́ ò ní gbà fún un ní Mápó o, ìdí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ gòkè nìyẹn.) Ní kìlómítà 500 sókè, eré ọ̀hún tó kìlómítà 7.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: Mápó sí Èkó kò ní gbà tó ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ́ńjìnnì kẹta ló yẹ kó bu púpọ̀ kún eré yìí. Epo dídì kò sì ṣeé pa kí wọ́n tún un tàn.

Sátẹ́láìtì EOS-09, kìlógíráàmù 1,696, ló bá rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ. Rédà ló yẹ kó fi máa wo ilẹ̀, rédà sì ń ríran lóru, ó ń ríran la ìkùukùu kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn. Lọ́jọ́ 17, oṣù Kẹjọ, 2011, ni sátẹ́láìtì Nàìjíríà méjì, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X, gbéra láti Yasny ní Rọ́ṣíà, wọ́n sì débi tí wọ́n ń lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni omíyalé pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún n'Íbàdàn. Kámẹ́rà ni àwọn sátẹ́láìtì méjèèjì gbé. Ìkùukùu òjò sì ń dí kámẹ́rà lójú.

Ṣé rédà ì bá ṣèrànwọ́? Létí Odò Ọ̀nà, níbi tó bá ti gbalasa, ó ṣeé ṣe. Ní Beyerúnká, ó ń ṣe mí bíi pé kò dájú: níbi tí ògiri ti fara kan ògiri, ìtànṣán rédà á máa ta láti ara ilé kan sí òmíràn, omi inú kọ̀rọ̀ á sì sá pamọ́ fún un. Fún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, mo rò pé ọ̀pá ìdíwọ̀n tí wọ́n rì sétí odò Ògùnpa àti Kúdẹtì, tẹ́nì kan ń kà bí òjò bá ti ń rọ̀, á tètè kìlọ̀ ju sátẹ́láìtì tó ń kọjá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mélòó kan lọ.