Kí Á Tó Lọ sí Oko Kòkó

 Àwọn àgbà ni ó wí pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí ilé jẹ́ ìsinmi fún òun nígbà tí ó bá dé, ó yẹ kí ó tún un ṣe kí ó tó jáde. Ní oṣù Ọ̀wàrà yìí ni a gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì, kí á lè lọ gbé ní abà tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní ìhà Ìdí-Ayùnrẹ́, lẹ́bàá Ìbàdàn, títí ìkórè kòkó yóò fi tán. Kí á tó di ẹrù, a fi ọjọ́ mẹ́rin gbáko rìn láti ilé ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan dé ilé èkejì. Àwọn ọ̀dọ́ ilé wa bi wá léèrè pé kí ni ìlò ìrìn yìí, nígbà tí tẹlifóònù wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ìdáhùn wa nìyí.

Oríṣi oko méjì ni àwọn baba wa ní. Èkíní ni oko etílé, tí ènìyàn lè lọ ní òwúrọ̀ kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Èkejì ni oko egàn, tí ó jìnnà, tí a sì máa ń sùn sí. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ráyè oko. Ní ọdún 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti ń gbé ìbọn gbé ọkọ́ àti àdá. Ní ọdún 1901 ni a ṣí ọ̀nà rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn, kòkó sì rí ọ̀nà dé etí òkun. Bí kòkó ti ń gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oko ń jìnnà sí i, tí ènìyàn sì lè wà ní abà fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lọ kò gbọdọ̀ yọ́ lọ bí olè. Yóò lọ bá àgbà agboolé, àwọn àna, olórí èsúsú, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìkíni lásán ni ìdágbére yìí. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ gbèsè tí ó wà nílẹ̀, ẹni tí yóò dúró fún ènìyàn bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, àti ìjà tí ó yẹ kí á parí kí ọ̀nà tó jìn.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwa mẹ́fà ni a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Lónìí, a ti sin méjì, ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwa mẹ́ta ni ó kù ní ìlú. Èyí tí ń ta aṣọ ní Gbági ni a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Akọ̀wé ti di ará oko!” Síbẹ̀, ó fún wa ní tọ́ọ̀ṣì kan àti aṣọ ìbora nípọn, nítorí ọyẹ́ tí ń bọ̀.

Ìkejì ni télọ̀ tí ó wà ní Mọ́kọ́lá. Ní oṣù Agẹmọ, a bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó ní, “Dáadáa ni, ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ ń lọ.” Nígbà tí a dé ibẹ̀, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. A kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, a bá a níbi tí ó jókòó sí, tí ó fi àkísà di ẹsẹ̀ ọ̀tún. Aya rẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.” Àrùn àtọ̀gbẹ ni ó ń ṣe é. Egbò ti wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, kò jinná, ètù ni ó sì ń bù sí i. A bi í léèrè ìdí tí kò fi lọ sí ilé ìwòsàn. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Wọn yóò gé e. Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ. Ta ni yóò gbé aṣọ wá fún télọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan?”

A kò bá a jiyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwa àti ará Gbági gbé e sínú ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní egbò náà kò tíì kan egungun. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fún un ní oògùn tí yóò mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì ní kí ó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ṣì ní ìrètí. Dókítà ṣàlàyé pé àrùn yìí a máa pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, tí ènìyàn fi lè tẹ ìṣó tàbí òkúta kí ó má mọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní in máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò ní alaalẹ́, kí ó má sì rìn ní ẹsẹ̀ lásán. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin ènìyàn wa. Tẹlifóònù gbé ohùn ọ̀rẹ́ wa wá, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá.

Ibi tí a lọ kẹ́yìn ni Bẹẹrẹ, ní ilé ẹ̀gbọ́n kan tí oko bàbá rẹ̀ bá tiwa pààlà. Láti kékeré ni a ti jọ ń jẹun nínú àwo kan ní abà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2024, nígbà tí iye tọ́ọ̀nù kòkó kan ré kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, ọ̀pọ̀ ará ìlú ni ó rántí oko baba wọn lójijì, ààlà tí kò dun ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀ sì di ìjà. Láti ìgbà tí a ti fòpin sí ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ra kòkó ní ọdún 1986, àwọn oníṣòwò ni ó ń ra kòkó fúnra wọn, títí dé abà, tí wọ́n sì ń san owó lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ká a ni ó ń jẹ ẹ́.

Iná ẹ̀ẹ̀rùn ti jó pèrègún tí àwọn baba wa gbìn sí ààlà náà. Ẹsẹ̀ kòkó méjì ni ó wà láàrin tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín. Ẹ̀gbọ́n wa sọ ọ́ síta gbangba: “Mo ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Bí o bá fi àdá kan kòkó wọ̀nyẹn, ilé ẹjọ́ ni à bá ti pàdé. Ṣùgbọ́n o ti wá jókòó sílé mi. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ.” A dọ̀bálẹ̀, a sì sọ tẹnu wa. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà, àwa náà kò sì sọ pé kí ó má ní. A fi àdéhùn sí i báyìí: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá ká ẹsẹ̀ méjèèjì náà, a ó bo kòkó wọn sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà ní òkìtì ọ̀tọ̀, a ó sì sá a ní ọ̀tọ̀, owó rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ baálẹ̀ abà títí àwọn àgbà ìhà méjèèjì yóò fi wá wo ilẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun, kí á lè gbin pèrègún mìíràn. Ó bu obì fún wa. Owó tí lọ́yà ì bá gbà, a lè fi ra oògùn tí a ń fún sí kòkó tí èso rẹ̀ ń dúdú nítorí òjò.

Ìrìn yìí dá wa dúró ju bí a ti rò lọ, èso tí ó ti pọ́n sì ń dúró dè wá lórí igi. A kò kà á sí àdánù. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra oko, tàbí ìrìn-àjò òwò, ẹ má fi ohùn nìkan dágbére. Ẹ lọ sí ilé ọ̀rẹ́ yín, ẹ jókòó, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ bi aya rẹ̀ léèrè bí ilé ti rí. Ẹ san gbèsè tí ẹ bá lè san. Bí ẹnìkan bá ń bínú sí yín, ilé rẹ̀ ni kí ẹ yà sí kẹ́yìn, kí ẹ má kánjú dìde níbẹ̀.

Ó dìgbà o. Kí Ọlọ́run fún wa ní oòrùn tí a ó fi sá kòkó, kí ó sì jẹ́ kí á bá gbogbo yín ní àlàáfíà nígbà tí a bá padà dé.