Owó Ìjọba: Ṣé Ẹ̀bùn Ni, Ẹ̀yáwó Ni, Àbí Owó Iṣẹ́?

Tí owó ètò ìjọba bá wọ àkáǹtì, ohun tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu wa ní Òṣogbo ni "Èló ni?" Èmi rò pé "Owó kí ni?" ló yẹ kó ṣáájú. Ṣé wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ni, ṣé wọ́n yá wa ni, àbí iṣẹ́ ni wọ́n fi rà lọ́wọ́ wa? Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ á máa ná gbèsè bí ẹni ń ná ẹ̀bùn, á sì máa bẹ̀bẹ̀ fún owó òógùn ojú rẹ̀.

Ẹ wo TraderMoni tí ìjọba àpapọ̀ gbé wọ ọjà lọ́dún 2018. Ẹ̀yáwó ₦10,000 ni, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pín in nígbà tí ìbò 2019 ti ku díẹ̀, ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Lọ́dún 2023, ìjọba tún kéde ₦50,000 fún mílíọ̀nù kan oníṣòwò kéékèèké. Ìyẹn ni owó ìrànwọ́, kò sí ìdápadà ńbẹ̀. Bank of Industry kan náà ló wà nídìí ètò méjèèjì. Àbí ẹ rí i bó ṣe rọrùn tó láti dà wọ́n pọ̀?

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Ní Ọ̀ṣun níbí, a mọ ètò oúnjẹ iléèwé dáadáa. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 2016, ₦70 ni wọ́n là kalẹ̀ fún oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́. Ká sọ pé ìyá kan ń dáná fún iléèwé kan lágbègbè Òkè-Fìà, nítòsí ilé ìjọba. Ó ra ìrẹsì, ó ra epo, ó sè é, àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Ìjọba kò ta á lọ́rẹ o, iṣẹ́ ni wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí owó náà bá pẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè nìyẹn, ó sì lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹni tí wọ́n kàn ṣèlérí ẹ̀bùn fún kì í sábà ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lójú òfin.

Báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀? Amẹ́ríkà ṣòfin kan lọ́dún 1978 tó là á yékéyéké: tí ìjọba bá ń ra ọjà tàbí iṣẹ́ fún ara rẹ̀, kọ́ńtíráàtì ni, tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ ran ẹni tó gbowó lọ́wọ́ láti ṣe ohun tó máa ṣe aráàlú láǹfààní, owó ìrànwọ́ ni. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé kọ́ ló ń pinnu rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, Public Procurement Act ti ọdún 2007 ní kí àwọn agbaṣẹ́ṣe ìjọba àpapọ̀ díje ní gbangba, kí wọ́n sì mú ìdúró báńkì tàbí ti iléeṣẹ́ adójútòfò wá kí wọ́n tó gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ ló ń ṣòfin tiwọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n àrékérekè ti lè wọlé. Tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan bá sọ iṣẹ́ gọ́tà di "ìrànwọ́" fún ẹgbẹ́ kan, ó ti fo ìdíje yẹn. Tó bá sì yí i padà, tó ní kí opó tó ń ta àkàrà mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta wá kó tó gba ₦50,000, ó ti fi òfin agbaṣẹ́ṣe ti aláìní síta.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ń ṣètò owó yìí ní Òkè-Fìà kò pọ̀. Kí ìlà àkọ́kọ́ lórí fọ́ọ̀mù kọ ọ́ ní Yorùbá: ẹ̀bùn ni, ẹ̀yáwó ni, tàbí owó iṣẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má bọwọ́ lùwé tí ìlà yẹn kò bá sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ owó iṣẹ́, ẹ tọ́jú ìwé àdéhùn àti rìsíìtì yín. Ọjọ́ tí owó bá pẹ́, àwọn ló máa gbèjà yín.