Ìrìn-àjò sí Ganvié lásìkò ọyẹ́: ohun tó yẹ kí èrò mọ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú báyìí ní Ìlọrin, tí odò Àsà fà sẹ́yìn, tí ètè gbogbo èèyàn ń sán, ìgbà náà ni àwọn ìdílé tó rí owó díẹ̀ fi pamọ́ máa ń bèèrè pé ibo làwọn lè lọ sinmi. Àwọn kan á ní Èkó, àwọn kan á ní Kútọnu. Kútọnu kì í kúkú ṣe ibi àjèjì fún ará Ìlọrin, ṣùgbọ́n ọjà mọ́tò tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ra mọ́tò, wọ́n á wà á wálé, ó parí. Wọn ò mọ̀ pé láti etí omi Abomey-Calavi, tó fara kan Kútọnu, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ péré lórí omi ló kù kéèyàn dé ìlú kan tí kò sí títì, tí kò sí ọ̀kadà, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà, òun náà ni wọ́n fi ń lọ síléèwé.

Ganvié lorúkọ ìlú náà. Orí adágún Nokoué ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Sô-Ava, lórílẹ̀-èdè Benin. Adágún ọ̀hún gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 20 láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì fẹ̀ tó 11 láti àríwá sí gúúsù. Àwọn tó ń gbé Ganvié ju 20,000 lọ. Òpó igi ni wọ́n rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n wá kọ́lé lé e lórí. Mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà, iléèwé wà, ilé ìwòsàn náà wà. Àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò máa ń pè é ní Venice ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí ìlú Venice tó wà ní Ítálì, tí òun náà ń fi omi ṣe títì. Orúkọ yẹn dùn létí, àmọ́ ohun tó gbé Ganvié dúró yàtọ̀ pátápátá sí ti Venice.

Ẹ̀rù ló gbé wọn débẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún sí ìkejìdínlógún, nígbà tí òwò ẹrú gbóná ní etíkun tí wọ́n ń pè ní Etíkun Ẹrú, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó èèyàn lọ tà fún àwọn òyìnbó. Lọ́dún 1724 ni Dàhòmì gba Allada. Lọ́dún 1727, wọ́n gba Ouidah, èbúté tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ènìyàn ti wọ ọkọ̀ tí wọn ò padà mọ́. Àwọn Tofinu, tí wọ́n jẹ́ baba ńlá àwọn ará Ganvié, kó ẹrù wọn, wọ́n kọjú sí omi. Ìtàn tí wọ́n ń sọ láti ẹnu dé ẹnu ni pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ní èèwọ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n jagun lórí omi. Wọ́n tún ní ọba tó kó wọn lọ, Agbogdobé, sọ ara rẹ̀ di ẹyẹ kó lè fò lọ wá ibi tí wọ́n máa gbé, ó sì di ọ̀nì kó lè kó wọn sọdá. Ẹni tó bá fẹ́ gba ti ẹyẹ àti ọ̀nì gbọ́ kó gbà á. Ẹni tí kò bá gbà náà lè ro ti ẹsẹ̀ ilẹ̀: jagunjagun tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, kí ló fẹ́ ṣe fún ẹni tó mọ ọkọ̀ wà lórí ẹrẹ̀ àti omi? Orúkọ Ganvié pàápàá, bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀, àwọn tó yè, tí ọkàn wọn wá balẹ̀, ló ń tọ́ka sí.

Ìtàn yìí kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Dàhòmì yìí kan náà ló kógun wá bá Abẹ́òkúta lọ́dún 1851 àti 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Òun náà ló fọ́ Kétu lọ́dún 1886. Ohun tí Olúmọ jẹ́ fún Ẹ̀gbá ni adágún Nokoué jẹ́ fún Tofinu. Àwọn kan sá wọ abẹ́ àpáta, àwọn kan sá wọ inú omi.

Ọ̀rọ̀ àsìkò wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ti máa ń ṣì í. Ní Venice, ìgbà òtútù ni omi máa ń kún. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2019, omi òkun ga tó sẹ̀ǹtímítà 187 níbẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Ganvié, òdìkejì ni. Òjò tó bá rọ̀ lápá òkè Benin, lọ́wọ́ Parakou, tó jẹ́ pé àsìkò kan náà ni òun àti òjò Kwara jọ ń rọ̀, odò Ouémé àti odò Sô ló ń kó o wá sísàlẹ̀. Torí náà, láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni adágún máa ń kún jù, kódà nígbà tí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ tiwa. Tó bá ti di oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ dé, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nínú oṣù kìíní sí ìkẹta, ó máa ń lọ sílẹ̀ débi pé àgbàlagbà lè dúró ní àwọn ibì kan kí omi má sì dé àyà rẹ̀.

Bí omi odò ṣe ń dínkù ni omi òkun ń gba ipò rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 1885, àwọn Faransé gbẹ́ ọ̀nà omi kan tó la Kútọnu já, kí ẹ̀kún omi adágún lè rí ọ̀nà jáde sínú òkun. Ọ̀nà tí omi gbà jáde yẹn ni òkun náà ń gbà wọlé. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, adágún á di oníyọ̀. Ìwọ̀nyí ló mú kí Ganvié ìgbà ọyẹ́ yàtọ̀ sí Ganvié inú fọ́tò. Koríko tó máa ń léfòó, tó máa ń ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tó máa ń dí ojú ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀ (irú rẹ̀ pọ̀ ní ọ̀sà Èkó), iyọ̀ ni í pa á. Ojú omi á là. Ẹja omi dídùn á fà sẹ́yìn, edé, akàn àti ẹja inú òkun á wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ràn edé tútù, ìgbà rẹ̀ rèé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ o. Omi tó fà yìí máa ń fi ohun tí ìkún omi bò hàn. Òpó ilé tó kéré létí omi ní oṣù kẹwàá, á gùn tẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí ẹsẹ̀ lékeléke. Ọ̀rá àti ìdọ̀tí á so mọ́ ìdí òpó. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní ṣáláńgá, inú omi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, nítorí náà òórùn máa ń wà. Omi oníyọ̀ kò ṣeé mu, torí náà inú ọkọ̀ ni àwọn obìnrin ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi mímu lọ sílé. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ nítorí ẹwà nìkan lè padà pẹ̀lú ìjákulẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń gbé orí omi fún nǹkan bí ọdún 300 ló máa rí nǹkan wò.

Ohun tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣàkíyèsí jù ni akaja. Akaja ni ọgbà ẹja tí wọ́n fi ẹ̀ka igi ṣe. Apẹja á ri ẹ̀ka igi púpọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ adágún, á pọ̀ bí igbó. Ẹja á wá sá sínú rẹ̀, á máa jẹ, á máa pamọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á yọ igi kúrò, wọ́n á wá kó ẹja. Ọgbọ́n àtayébáyé ni, ó sì ti bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé igi ń jẹrà. Ohun tó jẹrà ń kún ìsàlẹ̀ adágún, iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí odò ń kó wá náà ń rọ̀gbà yí i ká, adágún sì ń dín jíjìn kù. Igi tí wọ́n ń gé ń pa igbó etí omi run. Lẹ́yìn náà, olówó ló lè ní akaja tó gbòòrò. Apẹja tó ní àwọ̀n kan ṣoṣo kò ríbi jù ú sí mọ́. Ìjà sì ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Omi tó gba àwọn baba wọn lọ́wọ́ ogun ni ọwọ́ àwọn ọmọ fúnra wọn ń kún báyìí, kì í sì í ṣe pé wọn ò mọ̀. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn dúró gbọ́ àlàyé.

Láti ọdún 1996 ni Benin ti kọ orúkọ Ganvié sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí àjọ UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé, ìjọba ibẹ̀ sì ti dáwọ́ lé iṣẹ́ àtúnṣe ìlú náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ilẹ̀ Faransé. Ẹ fi wé Makoko, ní Èkó, níbi tí àwọn Ègùn, tó jẹ́ ìbátan àwọn èèyàn apá ibẹ̀, ti kọ́ irú ilé kan náà sórí ọ̀sà. Ní oṣù keje ọdún 2012, wákàtí 72 ni ìjọba fún wọn kí wọ́n tó wá fi áàkè àti ayùn wó ilé wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: òpó igi kan náà, omi kan náà.

Ní ti ọ̀nà, ènu ibodè Chikanda wà ní Baruten, ní Kwara níbí, ṣùgbọ́n Nikki àti Parakou ló já sí, láti Parakou sí Kútọnu sì ṣì ju kìlómítà 400 lọ. Torí náà, Ìlọrin sí Ìbàdàn, sí Èkó, sí Sẹ̀mẹ̀ ló yá jù. Ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni Nàìjíríà tì ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 tó sì ṣí padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà fún 90 ọjọ́ nítorí òfin ECOWAS, ṣùgbọ́n ẹ mú páàsìpọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS dání, pẹ̀lú káàdì yẹ́lò tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Èdè Faransé ni ti ìjọba, Fọ̀n sì ni ọ̀pọ̀ ń sọ, àmọ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní sọnù ní Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo.

Ní etí omi Abomey-Calavi, ibi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó bá sáré pàdé yín ní ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ bèèrè iye owó, kí ẹ sì bèèrè bóyá àlọ àti àbọ̀ ni, kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbéni léfòó nìyí, kò sì yẹ kí ará Kwara kankan fojú yẹpẹrẹ wò ó. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2023, èèyàn tó ju 100 lọ ló kú nínú odò Ọya, ní Pátígi, nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ní Ìpínlẹ̀ Niger dànù. Òru ni, èrò pọ̀ ju agbára ọkọ̀ lọ, ìròyìn ìgbà náà sì sọ pé kùkùté igi tó wà nínú omi ni ọkọ̀ kọlù. Adágún Nokoué kò jìn tó odò Ọya, kò sì ní ìṣàn tó lágbára tó o, ṣùgbọ́n lásìkò tí omi bá fà, orí igi akaja máa ń wà díẹ̀ lábẹ́ omi, tí ojú kò sì ní rí i. Ọlọ́kọ̀ tó mọ ọ̀nà ni kí ẹ bá lọ. Kí ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ so ó, kí ẹ má fi jókòó. Bí wọn ò bá ní ti ọmọdé, kí ọmọdé dúró sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan. Bí ọkọ̀ bá ti kún, ẹ jẹ́ kó lọ, òmíràn ń bọ̀.

Ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹ má gbàgbé oògùn tẹ́ ẹ máa ń fà símú nílé, torí eruku ọyẹ́ ń dé orí omi náà. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, kó wọ aṣọ tó nípọn, òwúrọ̀ orí adágún máa ń tutù ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ló kù. Ọ̀pọ̀ ará Ganvié, pàápàá àwọn obìnrin, kò fẹ́ kí wọ́n ya àwọn. Bí wọ́n bá rí fóònù tó gbé sókè, wọ́n á fi fìlà koríko ńlá orí wọn bojú tàbí kí wọ́n kẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn, kí ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ tó bèèrè. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. Ta ló máa gbà kí àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Òkè-Ímálè, kó máa ya ìyàwó ilé tó ń fọ abọ́?

Òwúrọ̀ kùtù ló dáa jù láti lọ. Afẹ́fẹ́ máa ń rọ̀, omi á pa rọ́rọ́, ọjà orí omi á sì kún fún tòmátì, ẹ̀bà gbígbóná, ọṣẹ àti kẹ́rosíìnì, ọkọ̀ sí ọkọ̀. Tó bá ti di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ òkun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru omi sókè, àwọn obìnrin ọlọ́jà á sì ti wa ọkọ̀ wọn padà sílé lọ yan ẹja.