Ṣé o mọ̀ pé kò sí projector tó lè tan àwọ̀ dúdú?

Kò sí o. Ì báà jẹ́ èyí tó rọ̀ lọ́rùn jù lọ ní ìsọ̀ ní Adum ní Kumasi, ì báà jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ tó owó ọkọ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni projector ń tú jáde. Bí òṣèré inú fíìmù bá wọ agbádá dúdú, ẹ̀rọ kàn kọ̀ láti tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀ ni. Ara ògiri rẹ, tàbí aṣọ funfun tí o ta, ni ò ń wò. Agbádá náà kò lè dúdú ju bí ògiri ṣe rí kí o tó tan ẹ̀rọ lọ. Bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́. Ti ilẹ̀kùn, fi kọ́tìnì tó nípọn bo fèrèsé, agbádá kan náà yóò dúdú minimini, láìjẹ́ pé o fi pẹ́sẹ́wà kan kún owó ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ra projector, yàrá rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó lọ wo ọjà. Àwọn tó ti wọnú ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ tilẹ̀ máa ń ta aṣọ aláwọ̀ eérú dípò funfun, kí ibi tó yẹ kó dúdú lè túbọ̀ dúdú. Wọ́n á wá ra ẹ̀rọ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ le díẹ̀ sí i.

Ní ti òkùnkùn, ọlọ́rọ̀ ni Kumasi. Ìlú náà kò tó digírì méje sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà, láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá, oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀ ṣáájú aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, kì í sì í kọjá aago mẹ́fà ààbọ̀. Nígbà tó bá fi máa di aago méje, ilẹ̀ ti ṣú, o lè ta aṣọ sí àgbàlá kí o sì bẹ̀rẹ̀ eré. Yorùbá tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tó fẹ́ fi fíìmù han àwọn ọmọ lẹ́yìnkùlé ní oṣù kẹfà, oòrùn kò ní wọ̀ fún un títí aago mẹ́sàn-án yóò fi kọjá. Àwọn ọmọ ti sùn.

Ìjọba amúnisìn pàápàá jẹ nínú ọrọ̀ yìí. Láti àwọn ọdún 1940 ni ọkọ̀ sinimá ìjọba ti ń káàkiri Gold Coast, ìyẹn Gánà òní: projector fíìmù wà nínú ọkọ̀ náà, aṣọ funfun wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà sì wà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á ta aṣọ sí gbangba, ẹnì kan á gba makirofóònù, á máa fi èdè ìlú náà ṣàlàyé ohun tí òyìnbó inú fíìmù ń sọ. Mo gbà pé adùn ẹnu ẹni yẹn ló ń gbé eré náà ró lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 1952, ẹ̀ka fíìmù ìjọba Gold Coast gbé The Boy Kumasenu jáde, Sean Graham ló darí rẹ̀, ìtàn ọmọ apẹja tó fi abúlé sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá.

Àwa náà kò kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n ti fi fíìmù han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall. Hubert Ogunde kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ lọ sí Gold Coast ní ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí àwọn oníṣòwò Yorùbá kún ọjà ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìyẹn kí òfin Busia, olórí ìjọba Gánà, ti oṣù kọkànlá 1969 tó lé wọn wálé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí eré orí ìtàgé wá di fíìmù, tí Àjàní Ògún jáde ní 1976, tí Ogunde náà sì gbé Aiyé tirẹ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀, onífíìmù fúnra rẹ̀ ló ń gbé fíìmù káàkiri. Yóò gbé projector sínú ọkọ̀, yóò háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ìwé, yóò sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ka owó ìwọlé. Ẹ̀dà fíìmù kò pọ̀, owó tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe kékeré, bí olè bá sì rí ẹyọ kan gbé, ó parí.

Ṣé o mọ̀ pé Gánà ló ṣáájú wa nínú fíìmù orí fídíò? Ní 1987, William Akuffo gbé Zinabu jáde, kásẹ́ẹ̀tì VHS ló sì fi yà á. Ọdún márùn-ún gbáko ni kí Living in Bondage tó dé ní Nàìjíríà. Nítorí pé fídíò ni, projector fídíò ni wọ́n fi ń gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sójú aṣọ ńlá ní ilé sinimá. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún àwọn onífíìmù Kumasi, àwọn tí wọ́n ń pè ní Kumawood, tí ń fi èdè Twi ṣe fíìmù. Bí o bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Accra lọ sí Kumasi rí, ó ṣeé ṣe kí o ti rí Agya Koo lójú tẹlifíṣàn ọkọ̀.

Ní ìgbà kásẹ́ẹ̀tì fídíò yẹn, àwọn kan ń gbé tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀ láti abúlé dé abúlé. Láti fi pe èrò, wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán pé kó fi ọ̀dà kun àwòrán fíìmù náà sára àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n tú, tí wọ́n rán pọ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán wọ̀nyí kò wo fíìmù náà rí. Ẹni tí wọ́n bá ní kó ya fíìmù oníjà, ó lè fi ejò olórí méjì sí i, kó fi ẹ̀jẹ̀ sí i, kó fi iwin tí kò sí nínú ìtàn sí i. Lónìí, àwọn olùkójọ iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń fi owó gidi ra àwọn àpò ìyẹ̀fun yẹn.

Mo mú un wá nítorí páálí tí wọ́n ń kó projector sí lónìí. Iṣẹ́ ayàwòrán yẹn náà ni páálí ń ṣe, àmọ́ kò dára tó láti gbé kọ́ ògiri. Wo iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀: “10,000 lumens”, “4K supported”. Lumen ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń pè ní ANSI lumen, ni pé kí wọ́n tan ojú funfun sára aṣọ, kí wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ ní ibi mẹ́sàn-án, kí wọ́n sì wá ìdá àárín wọn. Ojúlówó projector ilé tó ní 2,000 ANSI lumen ti tó láti fi wo fíìmù nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ kékeré tó rọ̀ lọ́rùn tó ń pariwo 10,000, bóyá ni yóò ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan bí a bá wọ̀n ọ́n. Epson ti gbé àwọn olùtajà kan lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà nítorí irú iye bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá rí ANSI tàbí ISO lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, fojú ejò olórí méjì wò ó.

Ọ̀rọ̀ “supported” yẹn náà, ọgbọ́n àrékérekè wà nínú rẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ náà lè gba àwòrán 4K wọlé. Bó ṣe máa gbé e jáde, ìyẹn ọ̀tọ̀. Àwọn àmì tín-tìn-tín tí wọ́n ń pè ní pixel ló ń para pọ̀ di àwòrán. Ojúlówó 1080p ní 1,920 lọ́nà 1,080, ìyẹn 2,073,600. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ohun tó wà nínú wọn gan-an kò ju 800 lọ́nà 480 lọ, 384,000 péré, tí páálí wọn ṣì ń kọrin 1080p. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o bi olùtajà ni “native”. Bí kò bá lè dáhùn, ní kó so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kó ṣí ojú ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré, kí o sì wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́tà kò mọ irọ́ pa. Fíìmù tó ń sáré kọjá ni wọ́n fi máa ń bo ojú oníbàárà.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ projector ilé, ara dígí ni àwòrán ti ń wá. Ní 1987, ọdún kan náà pẹ̀lú Zinabu, onímọ̀ físíìsì kan ní Texas Instruments, Larry Hornbeck, ṣe chip kan tí dígí bo gbogbo ojú rẹ̀, dígí kan fún pixel kan. Nínú ti 1080p, dígí tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló wà lórí ohun tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí dígí bá kọjú sí lẹ́ǹsì, ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá kẹ̀yìn sí i, ibẹ̀ ṣókùnkùn. Bó bá ń ṣe méjèèjì kíákíá, ojú wa á gbà pé àwọ̀ àárín ni. Irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi han Star Wars Episode I ní ilé sinimá díẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999, láìlo téèpù fíìmù rárá. Hornbeck gba Oscar tirẹ̀ ní 2015, òun tí kò bá wọn ṣeré rí.

Ọ̀pọ̀ nínú irú projector onídígí yìí, tí wọ́n ń pè ní DLP, tí wọ́n ń tà fún ilé ní orúkọ 4K, dígí inú wọn kò ju mílíọ̀nù méjì yẹn lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń ti àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin, kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń rí mílíọ̀nù mẹ́jọ ó lé. Èmi ò ka ìyẹn sí jìbìtì. Àwòrán náà mọ́ kedere lóòótọ́. Ohun tó o máa ṣọ́ra fún lára wọn ni àwọ̀. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn, àwọn ojú kan sì máa ń rí òṣùmàrè fìrì níbi tí funfun bá ti wà lórí dúdú. Yí ojú rẹ kíákíá láti igun kan dé èkejì ní ìsọ̀ kí o tó sanwó. Àwọn ẹ̀rọ onípánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, irú èyí tí Epson ń ṣe, máa ń tú àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í ní òṣùmàrè.

Títóbi àwòrán náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí o bá sọ fífẹ̀ àwòrán di méjì, ìmọ́lẹ̀ tó kan ibì kọ̀ọ̀kan kò ní dín sí ìdajì, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ló máa kù, torí gíga náà ti di méjì. Bí wọ́n bá sì kọ “throw ratio 1.5”, fún àwòrán tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Nínú yàrá kan ní agbo ilé ní Kumasi, ẹ̀rọ lè bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Gílóòbù ńkọ́? Èyí tí Philips mú jáde ní 1995, tó gbòde lẹ́yìn náà, mercury tó ti di gáàsì ló wà nínú rẹ̀, agbára tó fi ń ti ara gílóòbù sì tó nǹkan bí ìlọ́po igba ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ìdí nìyí tí fáànù fi gbọ́dọ̀ máa fẹ́ ẹ lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti pa á. Dumsor, bí àwọn ará Gánà ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kò mọ ìyẹn. Láàárín 2012 sí 2016 tí iná ń lọ tó ń bọ̀ káàkiri Gánà, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ lójijì ni fáànù dúró tí ooru sì há mọ́ gílóòbù lọ́rùn. UPS kékeré tó lè gbé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Àwọn oní-laser àti LED kò ní wàhálà yẹn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń kọ 20,000 wákàtí sí wọn lára, èyí tó ju ọdún méjìdínlógún lọ bí o bá ń wò ó fún wákàtí mẹ́ta lálaalẹ́. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ oní-gílóòbù lo fẹ́ rà, iye wákàtí tó ti lò wà nínú menu. Má wá fi gbogbo ara gbà á gbọ́ o, torí ó ṣeé dá padà sí òdo. Kọ́kọ́ béèrè bóyá gílóòbù rẹ̀ wà ní Gánà.

Fáànù yẹn ní filter tó ń dí eruku lọ́nà. Eruku tí o máa gbọ̀n kúrò lára rẹ̀ ní oṣù kìíní, ó lè jẹ́ pé Bodélé ní Chad ló ti wá, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ọyẹ́ ló gbé e wọ igbó Asante tó yí Kumasi ká.

Ó wá ku bọ́ọ̀lù wíwò. Bí aládùúgbò tó ń gbọ́ rédíò bá pariwo kí góòlù tó wọlé lára ògiri tìrẹ, má bínú sí projector. Sátẹ́láìtì wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè; àlọ àti àbọ̀ àwòrán ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan, títẹ̀ ẹ́ kéré àti títú u padà sì máa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ti mọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2010 pé pẹ́nárítì tí Asamoah Gyan gbá fún Gánà ní Ife Àgbáyé ti gbá igi òkè ní Johannesburg, nígbà tí àwọn tó ń wo àwòrán sátẹ́láìtì ṣì ń rí i tó ń sáré lọ gbá a. Bẹ aládùúgbò rẹ kó pa rédíò, tàbí kó wá jókòó tì ọ́.