Ìbọn Àtijọ́ àti Oúnjẹ Rẹ̀

Àwa tí a ti gbé ní Ìdógò àti nínú àwọn oko tí ó yí i ká mọ ìró ìbọn ọdẹ lóru. Ṣakabùlà ni. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Dane gun, nítorí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Denmark tí ó ń tà á ní etíkun wa láyé àtijọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ni èyí: kí ló dé tí ìbọn tí ó gbó tó báyìí kò parẹ́, nígbà tí ìbọn ogun tí ó dára jù ú lọ ti parẹ́ nínú igbó wa?

Ìdáhùn náà wà nínú oúnjẹ ìbọn. Ẹnu ṣakabùlà ni a ti ń ki í: a ó wọn ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá gún àkísà lé e, a ó sì kó ọta sí i. Èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí ń jẹ́ saltpetre ni a pò pọ̀ di ẹ̀tù dúdú. Alágbẹ̀dẹ sì lè gé irin wẹ́wẹ́ ṣe ọta. Bí ọ̀nà ọjà tilẹ̀ dí, ebi kì í pa ìbọn náà.

Ìbọn Snider, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà fún àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ ní 1866, yàtọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i, àwọn méjèèjì pọ̀ nínú agolo idẹ kékeré kan. A fín ìlà tí ó lọ́ bí okùn sínú ihò rẹ̀. Òjé ni ọta rẹ̀, nítorí òjé rọ̀, ó sì ń fara mọ́ àwọn ìlà náà títí yóò fi jáde. Bí ó ti ń lọ ni ó ń yí bí òkòtó. Bí òkòtó tí ń yí kì í ti í ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni ọta náà kì í tètè yà kúrò lọ́nà. Ti ṣakabùlà kì í yí, nítorí náà kì í lọ jìnnà kí ó tó ṣìnà.

Nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà rí irú ìbọn Snider gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn ní Èkó, ó sì ni àwọn Ìbàdàn lára kí a tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fi ìmọ̀ ṣọ̀kan ní Brussels láti dí ìbọn onílà lọ́nà sí apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Èyí tí kò ní ìlà, tí òkúta ń ṣá iná fún, ni wọ́n fi sílẹ̀. Bí agolo idẹ kò bá sì dé, igi lásán ni Snider. Báyìí ni ṣakabùlà ṣe jogún igbó. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìbọn ogun, ṣùgbọ́n ó ní kí a gba ìwé àṣẹ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà lónìí, àwọn kan ń yọ́ òjé, wọ́n ń dà á sínú àwòṣe, wọ́n sì ń tún agolo idẹ kún kí Snider lè tún dún. Wọn kì í fojú díwọ̀n ẹ̀tù. Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń lò. Ẹ̀kọ́ ni èyí fún wa. Ẹ̀tù aláìléèéfín tí ó wà nínú ọta ìgbàlódé kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀tù dúdú. Bí ẹnìkan bá tú u dà sínú ṣakabùlà, ìbọn náà lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, pàápàá èyí tí a fi páìpù omi rọ. Ẹni tí ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu ẹ̀tù dúdú pẹ̀lú kò jìnnà sí ewu. Májèlé sì ni òjé: kò yẹ kí a yọ́ ọ nínú ìkòkò ọbẹ̀, tàbí níbi tí ọmọdé ń ṣeré.

Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ó kọ́ ni yóò jogún ìbọn baba wọn. Nítorí náà, kí ìṣirò ìwọ̀n má ṣe parí sí ojú pátákó. Bí ọmọ ọdẹ bá mọ ìdí tí ìwọ̀n kan fi tó, tí òmíràn sì fi pọ̀ jù, a ti bá a dá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí.